Ta ni yóò máa wẹ Màmá?

Ìbéèrè kan wà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń bi arúgbó, tí ìjọba tiwa kò bi ìyá mi rí: "Ṣé ẹ lè dá wẹ̀?"

Ìpínlẹ̀ Maryland ni mo ń gbé. Nínú ilé kan tí arúgbó márùn-ún wà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú, irú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Yorùbá ń ṣe níbí. Nígbà tí owó ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tán, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí Medicaid, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú aláìní, wọ́n rán nọ́ọ̀sì kan wá. Ó jókòó tì í. Ṣé ẹ lè dá wẹ̀? Ṣé ẹ lè wọṣọ fúnra yín? Ṣé ẹ lè fọwọ́ ara yín jẹun? Ṣé ẹ lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ṣé ẹ lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìsí ẹni tó fà yín? Bí ìyá ṣe ń dáhùn ni nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ohun tó bá kọ wà lára ohun tí ìjọba yóò wò kí ó tó sanwó ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Àwọn ará ilé rò pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó bí Medicare àti Medicaid pọ̀. Medicare, ètò ìlera ti ẹni tó ti pé ọdún 65, ń san owó dókítà àti ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kì í san owó ẹni tí yóò máa wẹ arúgbó láràárọ̀ títí ayé rẹ̀. Medicaid, ti aláìní, ló ń ṣe ìyẹn, arúgbó sì gbọ́dọ̀ ti di aláìní ná. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, owó ìpamọ́ ẹni tó dá wà kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 2,000 dọ́là lọ. Bó bá ti pín owó fún ọmọ, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn dé ọdún 5. Bó bá kú tán, ìpínlẹ̀ lè gba owó rẹ̀ padà lára ilé tó fi sílẹ̀. Nínú irú ilé tiwa yìí, Medicaid kì í san owó yàrá àti oúnjẹ rárá. Àwọn mìíràn sì ń tò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kàn wọ́n. Ó máa ń dùn mí.

Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì ni Màmá wà. Mo mọ̀ pé àwọn ìjọba nílé gbìyànjú. Ní 2011, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ Owó Arúgbó, 5,000 náírà lóṣù fún ẹni tó ti pé ọdún 65. Aládùúgbò wa kan fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 náà dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Oògùn ni gbogbo ìyẹn ń lé. Ìwẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àkúrẹ́ pa, ó wálé wá tọ́jú Màmá fún ọdún méjì. Kò sí ẹni tó sanwó fún un, kò sí ẹni tó pè é ní iṣẹ́. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún títí dòní. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi níbí ní wákàtí-wákàtí.

Lọ́jọ́ kan Màmá bi mí lórí fóònù: "Ìyá tí ò ń wẹ yẹn, kò bímọ ni?"

"Mẹ́ta ni ọmọ rẹ̀, Màmá."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Èmi náà bí mẹ́ta."

Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n mú wọn wá. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gba gíríìnì káàdì, ọdún 5 ni wọn yóò dúró kí Medicaid tó lè dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni ọdún 81 ni wọ́n.

Ọmọbìnrin kan là ń sanwó fún báyìí, ó ń wẹ wọ́n, ó ń dáná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní kó lọ, ọmọ ogún ọdún ni. Mo ṣì ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀.