Ẹni tí ẹ ó bá jókòó sídìí sìgá Kúbà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa yíyàn rẹ̀

Ẹ bi àwọn tó fẹ́ràn sìgá Kúbà, ìyẹn sìgá ńlá tí wọ́n fi ewé tábà wé, kì í ṣe sìgá kékeré inú páálí, léèrè pé, nínú gbogbo ẹni tó ti wáyé rí, ta ni wọn ìbá fẹ́ bá jókòó mu ẹyọ kan. Kíá ni wọn yóò dárúkọ Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, tàbí Castro, olórí Kúbà nígbà kan. Orúkọ ńlá ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu. Ohun tí mo ti kọ́ ni pé òkìkí kọ́ ló yẹ ká fi yan ẹni bẹ́ẹ̀. Sìgá ní òfin tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè pa á mọ́ yóò ba ìjókòó náà jẹ́, bó ti wù kó gbajúmọ̀ tó.

Àkókò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Sìgá tí wọ́n ń pè ní Robusto gùn ní mìlímítà 124, ó sì sanra tó mìlímítà 20. Bí ẹ kò bá kánjú, á gbà yín tó wákàtí kan. Petit Corona gùn jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ló ń gbà. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Churchill pè gùn ní mìlímítà 178, ó sì lè gbà tó wákàtí kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá bi ara yín bóyá ọ̀rọ̀ tó wà láàárín yín àti ẹni náà tó wákàtí kan àbọ̀. Bó bá jẹ́ ìbéèrè méjì péré lẹ ní fún un, Petit Corona ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà ni ìwọ̀n fífà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan tó. Bí èèyàn bá ń fà á léraléra, ẹyin iná á gbóná jù, òróró inú ewé á jóná, èéfín á korò, á sì máa ta ahọ́n. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin bá sì kọjá láìfà á, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Láàárín fífà kan sí èkejì, àyè wà fún gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹnu gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ẹni tí kò lè dánu dúró, sìgá á kú sí i lọ́wọ́, á máa ṣáná ṣáá, gbogbo ìgbà tó bá sì ń ṣáná ni ọ̀rọ̀ á máa já. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ ni kí ẹ wá. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ẹ fi èyí wọn àwọn olórúkọ ńlá wò. Ní 26 September 1960, Fidel Castro bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Ìtàn pọ̀ níkùn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyè tí ẹ ó fi bi í ní nǹkan kò ní pọ̀. Ó sì ti jáwọ́ nínú sìgá ní 1985, nítorí náà ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ yan ọdún tó ṣáájú ìyẹn. Ulysses Grant, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó di ààrẹ, kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́, èmi fẹ́ràn èyí. Lẹ́yìn tó ṣẹ́gun ní Fort Donelson nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní February 1862, káàkiri ìlú ni wọ́n ti ń fi sìgá ránṣẹ́ sí i. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ló pa á ní July 1885. Freud ńkọ́, dókítà tó ń tọ́jú ìṣòro èrò inú, ẹni tó jẹ́ pé gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀? Ní 1923 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ju ìgbà 30 lọ, síbẹ̀ kò jáwọ́. Mi ò ní fi èyí pa mọ́: bí ẹ kò tiẹ̀ gbé èéfín mì, ẹnu àti ọ̀fun kò mórí bọ́. Ẹni tí kò bá mu sìgá rí, kó má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí èmi yàn ni Compay Segundo. Francisco Repilado ni orúkọ wọn gan-an, Siboney lẹ́bàá Santiago ní Kúbà ni wọ́n ti bí wọn ní 1907, wọ́n sì kú ní 2003. Olórin ni ayé mọ̀ wọ́n sí, pàápàá nígbà tí wọ́n ti sún mọ́ ẹni 90 ọdún, ṣùgbọ́n sìgá wíwé ni bàbá yìí fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Havana, olú ìlú Kúbà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iṣẹ́ yẹn ń kọ́ èèyàn. Láti 1865 ni ilé iṣẹ́ sìgá ní Havana ti ń ní òǹkàwé: ẹnì kan á jókòó sórí pèpéle, á máa ka ìwé ìròyìn àti ìtàn sókè ketekete, kí àwọn tó ń wé ewé lè máa gbọ́. Owó tí àwọn òṣìṣẹ́ dá ni wọ́n fi ń san án. Ìjọba Spéìn, tó ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà, fòfin dè é ní 1866, ṣùgbọ́n àṣà náà tún padà wá. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá, etí rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ gígùn, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ewé.

Ọwọ́ yẹn ni kí ẹ bi í léèrè. Ẹni tó ń wé sìgá á kó ewé inú jọ sọ́wọ́ kan, á máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ káàkiri, nítorí ibi tó bá le jù ni kì í jẹ́ kí èéfín kọjá. Ewé òkè igi, tí oòrùn pa jù, ló lágbára jù, kì í sì í tètè jó. Àárín gbùngbùn ni wọ́n ń fi í sí. Lẹ́yìn náà ewé tó ń dì í pọ̀, mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kó lè gún régé, kó tó wá kan ewé ìta tó ń dán, tí wọ́n fi abẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní chaveta gé. Ẹ ní kí bàbá fi ìka tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ yín wò, kí wọ́n sọ ohun tí ìka wọn gbọ́. Ìyẹn dára ju kí ẹ bi wọ́n pé “báwo layé ṣe rí nígbà yẹn?”

Àwa Yorùbá kan á ní àgbà Lùkùmí kan, ìyẹn àtọmọdọ́mọ Yorùbá ní Kúbà, ní ìlú Matanzas làwọn fẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n inú orin àti ẹbọ ni èdè Lùkùmí kù sí jù. Èdè Spéìn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, nítorí náà ẹ wá ògbufọ̀. Omi, ewé, àṣẹ, ìwọ̀nyí á yé yín, wọn ò kàn tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ wákàtí kan ni. Níbẹ̀, sìgá kì í ṣe fàájì nìkan: èéfín rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ Elegguá, Ẹlẹ́gbára tiwa. Bí àgbà Lùkùmí náà bá ń fẹ́ ẹ níwájú ojúbọ, ẹ má fa tiyín, títí wọn á fi ní kí ẹ jókòó. Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé ọmọ Kúbà tó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Lùkùmí jáde ní 1957, náà dára gan-an. Ẹ bu kọfí fún un. Kò di dandan kí ẹni méjèèjì mu sìgá.

Ní ti sìgá fúnra rẹ̀, inú àpótí kan náà ni kí ẹ ti mú méjèèjì, kí ẹ lè jọ parí. Ọ̀rinrin bíi 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ ẹ́. Ooru ìlú bí Èkó léwu: tó bá ti ń ju 25 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, ẹyin kòkòrò tábà lè pa, ihò wẹ́wẹ́ á sì yọ lára ewé ìta. Ẹ jẹun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ikùn òfìfo ló ń fa òòyì, òógùn àti èébì. Ẹ gbé àpótí síwájú àgbà kó mú tirẹ̀, kó sì gé e fúnra rẹ̀. Mìlímítà méjì ni kí ẹ gé lórí. Bí ẹ bá gé e jù, ewé ìta á máa tú. Tó bá jẹ́ ìṣáná lẹ ń lò, ẹ jẹ́ kí imí ọjọ́ orí rẹ̀ jó tán, ẹ gbé ẹsẹ̀ sìgá, ìyẹn ibi tí iná yóò mú, sókè iná láìjẹ́ kó kàn án, kí ẹ sì máa yí i fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20. Láítà elépo bẹntiróòlù kò dára, òórùn rẹ̀ kì í kúrò.

Ìdá àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta sìgá náà rọ̀, ẹ fi bi nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́. Àárín ni kí ẹ gbé ìbéèrè tó jẹ yín lógún sí. Ìdá tó kẹ́yìn a máa le, nítorí òróró àti nikotíìnì ti ń ṣàn jọ síbẹ̀. Tó bá ku bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ẹ gbé e sínú àwo eérú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa, títẹ̀ ẹ́ pa ló ń mú òórùn burúkú jáde. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì tán, ẹ má ṣáná sí òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n gbé omi àti kọfí wá, kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.