Kí Ẹ Tó Ní Kí Sójà Wa Wọ Ìlú Onílùú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo gbé àpò òfìfo lọ sí ọjà Ṣáṣá ní Àkúrẹ́, àpò òfìfo náà ni mo gbé padà wálé. Alájì tí mo máa ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí n má wulẹ̀ dúró, pé tírélà òun ti há sí Illela, lẹ́nu ibodè Sókótó. Àlùbọ́sà pupa tí àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn jù, Niger ló ti ń wá. Galmi ni wọ́n ń pè é, orúkọ ìlú tí wọ́n ti ń gbìn ín. Àwọn sójà ti gbàjọba níbẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù keje, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sì ti ní kí wọ́n ti ẹnubodè pa.

Mi ò tíì bọ́ bàtà tí ọmọ mi ọkùnrin fi pè mí láti Èkó. Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. "Màámi, ECOWAS ti fún wọn ní ọjọ́ méje. Tí wọn ò bá dá Ààrẹ Bazoum padà sórí oyè, sójà wa máa wọ ibẹ̀. Ogun ọjọ́ mẹ́ta péré ni!" Bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Èmi náà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sọ fún mi." Ó pa fóònù, ó gbé e fún mi padà.

Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyàwó sójà ni mí, mo sì ń ta àlùbọ́sà. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí ogun bá ti bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, mo máa ń rí i tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pariwo, àwọn kan á ní kí ìlú alágbára lọ dá sí i, àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, inú ilé mi ló ti wá bá mi.

Ọkọ mi wà lára àwọn ECOMOG, ọmọ ogun ECOWAS, tó lọ sí Làìbéríà. Ẹ̀yin tí ẹ kéré lè má mọ ìtàn náà. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọ̀la Kérésìmesì, ni Charles Taylor àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ rẹ̀ gba Côte d'Ivoire wọ Làìbéríà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, ECOWAS kó sójà wọ èbúté Monrovia kí wọ́n lọ pẹ̀tù sí ìjà náà, Nàìjíríà ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tíì pé tí àwọn ọmọ ogun Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀ mìíràn, fi mú Ààrẹ Samuel Doe fúnra rẹ̀ ní oríkò ECOMOG, ní èbúté yẹn gan-an, wọ́n sì pa á. Ojú àwọn onílàjà ni wọ́n ṣe mú un lọ.

Ní 1992 ni wọ́n rán ọkọ mi lọ. Yàrá kan la háyà ní Òkè-Àró nígbà náà, ọmọ mẹ́ta, èyí tó kéré jù ṣì ń mu ọmú. Kò sí fóònù. Ẹni tó bá gba ìsinmi wálé ló máa ń bá wọn mú lẹ́tà wá, lẹ́tà ọ̀hún á ti ká, á ti dọ̀tí, bí ẹni pé ó fi ẹsẹ̀ rìn wá. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Taylor gbógun ti Monrovia. Octopus ni wọ́n pe ogun náà. Ilé onílé wa ni mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mi ò fi gbọ́ nǹkan kan. Mo ń ta ọjà, mo ń ka owó, mo ń ṣìrò ní àìmọye ìgbà.

Ó padà wálé ní 1994, ara rẹ̀ pé. Kò sọ nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé, ní Kérésìmesì, ó já ìbọn ike gbà lọ́wọ́ ọmọ ará ilé wa, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ọmọ bú sẹ́kún, ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ mi ti ra bọ́ọ̀lù aláwọ fún ọmọ náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọtí ni.

Ọdún 2003 ni mo tó mọ̀. Taylor ti di ààrẹ láti 1997: wọ́n ṣètò ìdìbò, ó sì fi nǹkan bí ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọlé, torí àwọn ará ìlú mọ̀ pé tí wọn ò bá dìbò fún un, yóò tún padà sínú igbó. Ogun tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2003, Ọbásanjọ́ gbà á sí Calabar kó lè gbé ìjọba sílẹ̀. Wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, aṣọ funfun lọ́rùn. Mo ń wo ojú ọkọ mi. Mo ti ń wá ọ̀nà láti gbé tẹlifíṣàn kúrò lórí tábìlì, torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mélòó kan ò bá a padà wálé.

Ó ní, "Tó bá jẹ́ ilé ní Calabar ló máa jẹ́ kí ìbọn dákẹ́, kí wọ́n fún un nílé. Kí wọ́n fún un ní méjì."

Òru ọjọ́ yẹn ló sọ̀rọ̀ ọmọ tó gbé ìbọn. Taylor ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó jẹ́ ọmọdé pátápátá, Small Boys Unit. Ọkọ mi ní ìbọn náà ga ju ọmọ lọ. Mi ò ní sọ èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ìyá Fọlá, gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀, ọ̀nà méjì péré la fi sílẹ̀ fún Taylor: kó kú, tàbí kó jọba. Ìwọ, èwo lò bá mú?"

Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí mo fi ń wọn gbogbo ogun nìyẹn: ibo ni ẹni tó máa pàdánù máa gbà jáde? Ajá tí ẹ bá lé kan ògiri, ẹ̀yin tí ẹ lé e ló máa bù jẹ. Ẹ wo Gambia. Yahya Jammeh fìdí rẹmi nínú ìdìbò ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ó kọ̀, kò lọ. Sójà ECOWAS wọ ẹnubodè ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn ààrẹ sì ń wọlé lọ bá a sọ̀rọ̀, bàálù sì ń dúró. Ó wọ bàálù lọ sí Equatorial Guinea láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan ń bínú pé wọn ò mú un. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ẹ wá wo Líbíà ní 2011: Àjọ Àgbáyé ní kí wọ́n dáàbò bo ará ìlú, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní oṣù kẹta, ó di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Gaddafi ti kú. Ìjọba méjì ló padà ń du ilẹ̀ náà. Àwọn ìbọn rẹ̀ gba aṣálẹ̀ lọ sí Málì, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé Málì náà dàrú.

Ibì kan wà tí ẹnu èmi àti ọkọ mi ò tíì kò. Wọ́n padà fa Taylor jáde ní 2006, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n àádọ́ta ọdún fún un ní 2012. Ọkọ mi ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé àwọn ọmọ yẹn ní ìyá. Èmi ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo apàṣẹwàá tó kù ló rí i pé ilẹ̀kùn Calabar ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn. Ta ló máa gbà láti jáde mọ́?

Ọmọ bíbí Òde Oǹdó ni mí, nítorí náà mi ò lè sọ̀rọ̀ onílàjà kí n má dárúkọ Charles Phillips, àlùfáà tó gbé láàárín wa. Ogun Kírìjí ti jà láti 1877, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtìparapọ̀ lápá kejì, apá kankan ò borí. Ní 1886, gómìnà Èkó rán Phillips sí àwọn Èkìtì, ó rán Samuel Johnson sí Ìbàdàn. Bùdó sí bùdó ni wọ́n ń rìn. Àdéhùn tó jáde gbé Ìgbájọ àti àwọn ìlú mélòó kan sọ́wọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó ní ará ibẹ̀ tí kò bá fẹ́ lè kó ẹrù rẹ̀ lọ síbi tó wù ú. Ẹ rí i? Ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ sínú ìwé.

Kí inú wa má dùn jù ṣá. Gómìnà tó rán oníwàásù ní 1886, ìjọba rẹ̀ náà ló fi sójà àti ajẹ́lẹ̀ jókòó sí Ìbàdàn ní 1893, tí wọ́n sì yìnbọn sí Ọ̀yọ́ ní 1895. Ẹni tó wá làjà ò lọ mọ́. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà ni kí ẹ máa béèrè.

Ẹni tó bá sì sọ fún mi pé kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀, Rùwáńdà ni mo fi ń dá a lóhùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, wọ́n pa sójà Bẹ́ljíọ̀mù mẹ́wàá, Bẹ́ljíọ̀mù kó àwọn tó kù lọ, Àjọ Àgbáyé dín àwọn sójà tó wà níbẹ̀ kù. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, nǹkan bí 800,000 èèyàn. Wọ́n ní ilẹ̀kùn àbájáde, wọ́n sì gbà á. Àwọn tó sá di wọ́n ni kò ní.

Ní ti Niger, ọjọ́ méje kọjá, sójà wa ò lọ. A já iná wọn, a ti ẹnubodè. Bazoum ò padà sórí oyè. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ECOWAS ká ìjẹníyà kúrò, Nàìjíríà ṣí ẹnubodè ní oṣù kẹta, ó sì di oṣù kìíní ọdún 2025 kí Niger, Málì àti Burkina Faso tó fi ECOWAS sílẹ̀ pátápátá. A ò fún Tiani, olórí àwọn sójà tó gbàjọba, ní ọ̀nà kankan, ó sì la ti ara rẹ̀.

Nígbà tí tírélà àkọ́kọ́ dé Ṣáṣá, Alájì ló pè mí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin wà nílé ọkọ ní Konni, ní Niger, ìsọdá Illela níbẹ̀, wọn ò fojú kan ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọ̀nà. Mo bi í pé, nígbà tí gbogbo wa ń jiyàn, ṣé òun fẹ́ kí sójà wọlé ni àbí kò fẹ́.

Ó wò mí. Ó ní, "Màmá, ta ló bi mí?" Ó tú okùn àpò, ó ní kí n wá yẹ ọjà wò kí oòrùn tó mú.