Ọjọ́ tí dókítà ní kí n padà sídìí búrẹ́dì

"Máa jẹ búrẹ́dì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6," ni dókítà náà wí, "ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́." Mo wò ó títí. Oṣù 8 gbáko ni mo ti fi sá fún búrẹ́dì, tí inú mi sì ti rọlẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó ka ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ó ní òun kà á. Ó ní nítorí oṣù 8 yẹn gan-an ni.

Mo ti lo ọdún 4 ní ìlú òkèèrè kí ara mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ń rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kó tó lọ. Àárẹ̀ tó ń bá mi jí ni. Inú mi á wú bíi ti aláboyún, ẹnu mi á di kìkì egbò, inú á máa ṣí fún ọjọ́ mélòó kan, á sì tún dá. Ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, mo lò ó tán, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, kò kúrò níbi tó wà. Bí èèyàn bá jìnnà sílé, kò sẹ́ni tí kì í ní àlàyé fún un. Òtútù ni, iṣẹ́ òru ni, àárò ilé ni. Èmi gba ti àárò ilé gbọ́, torí àárò rẹ̀ ń sọ mí lóòótọ́.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló sọ fún mi pé ọkọ òun ní àrùn celiac, pé bó ṣe ń ṣe mí yìí gẹ́lẹ́ ló ṣe é. N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Mo kà nípa rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Gluten, èròjà kan tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì, ni ara àwọn kan máa ń kà sí ọ̀tá. Bó bá ti wọ inú wọn, ara wọn á dojú ìjà kọ ìfun ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kó gbogbo ohun tó ní àlìkámà kúrò nílé. Ọ̀sẹ̀ 3 kò tíì pé tí inú mi fi rọ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. N kò mọ̀ pé mo ti fọwọ́ ara mi pa ẹ̀rí rẹ́.

Nígbà tí mo wá dé ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, èsì ní kò sí nǹkan kan. Dókítà àkọ́kọ́ tó rí mi fi kún un pé àrùn àwọn aláwọ̀ funfun ni, kì í ṣe ti irú wa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju inú rírun lọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí n lọ wá àìsàn tó bá àwọ̀ mi mu. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1999 nípa àwọn ọmọdé Sahrawi, ìyẹn àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Sahara, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa, fi hàn pé ó ju ọmọ 5 lọ nínú 100 tó ní àrùn yìí, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹnì 1 nínú 100 ni lọ́pọ̀ ibi lágbàáyé.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà kò purọ́ ní tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní tTG-IgA ló ń wá, ìyẹn ohun ìjà tí ara ń rọ sí ara rẹ̀ nígbà tí gluten bá ń wọlé. Bí gluten bá dáwọ́ wíwọlé dúró, ohun ìjà náà á máa dínkù títí kò fi ní hàn mọ́. Ta ló ń wá èéfín nínú ààrò tí iná rẹ̀ ti kú láti oṣù 8? (Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò yìí, kó bèèrè pé ṣé wọ́n wọn àpapọ̀ IgA òun pẹ̀lú. IgA ni irú ohun ìjà ara tí àyẹ̀wò yìí ń wò; ara àwọn kan kì í ṣe é tó, àrùn náà á sì fara pamọ́ mọ́ wọn lára.)

Dókítà kejì ló mú ọ̀rọ̀ jíìnì wá, ìyẹn àbùdá tí èèyàn ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Òwú kékeré ni wọ́n fi ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó parí. Jíìnì kò mọ ohun tí èèyàn jẹ lánàá, kò sì mọ èyí tó fi sílẹ̀ lóṣù 8 sẹ́yìn. Irú méjì tí wọ́n ń pè ní DQ2 àti DQ8 ni wọ́n ń wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ní celiac tí kò ní ọ̀kan nínú méjèèjì, nítorí náà bí a kò bá rí ìkankan, kí dókítà wá ohun mìíràn tó ń ṣe aláìsàn ló kù.

Mo retí èsì yẹn bí ẹni ń retí ìdájọ́. DQ2.5, ọ̀kan lára irú DQ2, ló gbé wá. Mo ní ó ti tán, wọ́n ti rí i. Dókítà náà mi orí. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ará Yúróòpù, bí ènìyàn 30 sí 40 nínú 100 ló ní jíìnì wọ̀nyí, díẹ̀ péré nínú wọn ni àrùn náà sì ń mú. Jíìnì yìí dà bí ilẹ̀kùn tí a kò tì. Kò sọ pé olè ti wọlé. Mo fi ìfẹ́ bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ra àyẹ̀wò jíìnì fúnra yín: bí ẹ bá rí DQ2 níbẹ̀, ẹ má tíì ju búrẹ́dì nù.

Bí mo ṣe padà sídìí búrẹ́dì nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣeé fara dà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń fi ọwọ́ di ikùn mú lọ síbi iṣẹ́. Màámi pè mí lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbọ́ ohùn mi. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ń jẹ ohun tó ń pa ọ́?" Mo ní, "Mà, bí n kò bá jẹ ẹ́, wọn ò ní rí i." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n má pa fóònù, kí àwọn máa gbọ́ mímí mi títí n ó fi sùn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 6 pé, èsì ẹ̀jẹ̀ mi ga sókè gan-an. Wọ́n ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ọ̀nà ọ̀fun mi, wọ́n sì gé ẹran bíńtín bíńtín láti ojú ibi mélòó kan nínú ìfun, torí àrùn náà lè ba apá kan jẹ́ kó fi apá kejì sílẹ̀. Marsh 3 ni wọ́n kọ; Marsh ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí ìfun ṣe bàjẹ́ tó. Àwọn ohun wẹ́wẹ́ bí ìka inú ìfun, tó ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, ti wó palẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni ara ti ń gba irin tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi gbé oògùn yẹn mì, kò síbi tí yóò gbà wọlé.

Ohun tí Màámi kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé èmi ni mo fún ọ?" Mo ṣàlàyé fún wọn pé apá méjì ni DQ2.5 ní. Ọmọ lè gba méjèèjì lọ́dọ̀ òbí kan; ó sì lè gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, kó gba èkejì lọ́dọ̀ bàbá, kí méjèèjì wá pàdé nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. A jọ fún ọ ni." Ohùn wọn fúyẹ́ díẹ̀.

Nínú àwọn òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó ní celiac, bí ẹnì 1 nínú 10 lè ní in, nítorí náà àwọn àbúrò mi méjèèjì ṣe àyẹ̀wò jíìnì. Ọkùnrin kò ní DQ2, kò ní DQ8. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu mọ́." Obìnrin ní in. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló fẹ́ kó gbogbo àlìkámà ilé rẹ̀ dànù. Mo pariwo lórí fóònù pé kó má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ gba àyẹ̀wò. A ṣì ń retí èsì.