Ẹni tó ń bójú tó mọ́tò: Kabba àti Ìlú Ọba

Ní Kabba, kí mọ́tò tó dúró tán lẹ́bàá ọjà, ẹnìkan ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: “Okun o, ọ̀gá mi, ẹ ká ọwọ́ sí ọ̀tún, gọ́tà wà lẹ́yìn.” Á já tíkẹ́ẹ̀tì, á gbowó páàkì. Ní Ìlú Ọba, pátákó lásán lo máa bá. O ṣí áàpù RingGo tàbí PayByPhone, o tẹ nọ́ńbà ibẹ̀, o tẹ nọ́ńbà mọ́tò, o yan wákàtí, o sanwó. Bí nọ́ńbà mọ́tò tí o ti tà bá ṣì wà nínú áàpù, o lè sanwó kí o sì tún gba ìtanràn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń kọ ìtanràn yẹn kì í fọwọ́ kan owó páàkì. Owó wákàtí ló ń gbà. Ní April 2025, òfin ní kó má dín ní £12.21 fún ẹni ọdún 21 sókè. Èébú àti òjò ni ìyà tirẹ̀.

Ti Kabba kò rí bẹ́ẹ̀, torí èlé ló fi ń jẹun. Ká ní ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní kó kó ₦4,000 wá ní ìrọ̀lẹ́, tó sì gba ₦100 lọ́wọ́ mọ́tò 55: ₦1,500 ni tirẹ̀. Jẹ́ kí owó máa gba orí fóònù wọ àkáǹtì ọ̀gá, èlé di ti ọ̀gá nìyẹn. Ṣéńjì tí awakọ̀ máa ń ní kó fi mu omi náà lọ.

Gbèsè wá tún ń tẹ̀lé e. Awakọ̀ á na fóònù sí i pé òun ti sanwó. Alert kò dé fóònù tirẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ń fà, mọ́tò ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Bó bá jẹ́ kó lọ, tí owó kò wọlé, àpò rẹ̀ ni wọ́n á ti yọ ọ́. Awakọ̀ pàápàá ń kùn: báńkì lè yọ ₦10 lórí ₦100, USSD sì ń jẹ ₦6.98. “Gba ₦80, jàre.”

Kí wọ́n tó gbé POS fún un, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀. Kí awakọ̀ máa kọ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì síbi àlàyé nígbà tó bá ń fi owó ránṣẹ́, kí alert sì máa dé fóònù ọmọ iṣẹ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á jọ fi ṣírò.