Ìwé Kíláàsì Tó Di Ṣọ́ọ̀ṣì

Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ní kí n wá gbé wọn lọ sí abà fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá wọn ní Iléṣà láàárọ̀ Sátidé, nítòsí ọsibítù Wẹ́sílì, wọ́n ti múra tán, wọ́n fi aṣọ wé ìwé orin bí ẹni wé ọmọ tuntun. A gba ọ̀nà Ifẹ̀, a kọjá Òṣú, a yà sínú igbó kòkó. Kò pẹ́ tí mọ́tò mi rì sínú ẹrẹ̀. Ọlọ́kadà méjì ló gbé wa dé ibẹ̀. Ẹni tó lé ní ọgọ́rin ọdún, ó gun ọ̀kadà, kò tiẹ̀ di nǹkan kan mú!

Ilé ìjọsìn náà kò ju kíláàsì iléèwé kan lọ. Rímù táyà lọ́rì ni agogo wọn, wọ́n so ó kọ́ igi obì. Gbogbo ara rẹ̀ ti dípẹtà, àfi ojú ibi tí irin ti ń bà á, tó ń dán yinrin.

Bàbá bàbá mi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ìmèsí-Ilé ni wọ́n ti wá, pẹ̀lú ìyàwó àti àbúrò méjì, wọ́n tọrọ ilẹ̀ láti gbin kòkó, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n láti ilé, ìjọ tí Thomas Birch Freeman gbé dé Badagry lọ́dún 1842. Ṣùgbọ́n ìrìn wákàtí méjì ni láti abà dé ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ìyá bàbá mi bí ìbejì, ni wọ́n bá fárígá: àwọn ò ní pọn ọ̀kan, kí àwọn gbé èkejì lọ́wọ́, kí àwọn rin wákàtí méjì nítorí ìwàásù ogún ìṣẹ́jú.

Bàbá gbé ẹjọ́ lọ bá mínísítà ìjọ. Wọ́n rò pé ó máa bá àwọn bá ìyàwó àwọn wí. Ìwé pélébé kan ló fà lé wọn lọ́wọ́: ìwé kíláàsì, tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ ìjọ àti owó wọn sí. Ó ní kí wọ́n kó ará ilé jọ, kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n máa gba owó kíláàsì, kí wọ́n sì máa kó o wá.

Gbèsè ló bí kíláàsì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Bristol, lọ́dún 1742, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, jẹ gbèsè ilé ìjọsìn, wọ́n bá pín ara wọn ní méjìlá-méjìlá, kí olórí kọ̀ọ̀kan máa gba kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ibi tí olórí ti ń wọlé gbowó ló ti ń rí bí ọkàn àwọn ènìyàn ṣe wà. Ẹ wá fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà nírú iṣẹ́ yìí! Bí òṣómàáló ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ láwìn ni Bàbá ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àbúrò wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Àpò kòkó ni bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n bá ti ta kòkó tán, ìdúró ni ìjọ máa wà títí dé oore-ọ̀fẹ́. Màmá Àgbà ní ọdún tí kòkó bá wọ́n gan-an lọ́jà, ẹsẹ̀ máa ń ro àwọn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́lé gidi, onílẹ̀, tó jẹ́ abọ̀rìṣà, ní òun ò lè gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Iṣu kan ni kí wọ́n máa mú wá lọ́jọ́ ìkórè. Mo rí iṣu náà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wá gbà á, ó wọ agbádá, ó jókòó níwájú gbogbo wa.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Àgbà ṣí ìwé kíláàsì.

"Orúkọ bàbá rẹ rèé. Tìrẹ dà?"

Mo ní, "Màmá, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni mò ń lọ l'Ékòó."

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n fa àpótí sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń wò mí. Mo kiwọ́ bọ àpò.