Bí A Ṣe Lè Gbèjà Ìgbàgbọ́ Láìfi Irọ́ Ti Òtítọ́ Lẹ́yìn

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń darí kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa, níbi tí a ti máa ń jíròrò lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú lórí àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bá pàdé ní yunifásítì, ní ibi iṣẹ́ àti lórí fóònù wọn. Àwọn ìbéèrè náà kò jọ èyí tí àwọn baba wa nínú ìjọ múra sílẹ̀ fún. Nígbà tiwọn, ẹni tó bá ń bá Kristẹni jiyàn sábà máa ń jẹ́ aládùúgbò tó ń bọ òrìṣà tàbí ìbátan tó jẹ́ Mùsùlùmí, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó sọ pé Ọlọ́run kò sí. Lónìí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lè béèrè lọ́wọ́ yín pé ta ló yan àwọn ìwé inú Bíbélì, pé ẹ̀rí wo ló wà níta Bíbélì pé Jésù gbé ayé rí, àti pé kí ló dé tí ènìyàn dúdú fi ń sin Ọlọ́run àwọn tó kó baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú. Bí ẹ bá ní kí ó ṣáà gbàgbọ́, yóò dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n yóò lọ wá ìdáhùn sí ibòmíràn.

Àpọ́sítélì Pétérù pàṣẹ nínú lẹ́tà rẹ̀ kìíní, orí 3 ẹsẹ 15, pé kí a máa múra tán nígbà gbogbo láti dá ẹni tó bá béèrè ìdí ìrètí wa lóhùn, kí a sì ṣe é pẹ̀lú ọkàn tútù àti ìbẹ̀rù. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà ni àwa tí a fẹ́ràn àríyànjiyàn máa ń há sórí. Ìbẹ̀rù tó wà ní ìparí rẹ̀ ni mo wá gbà pé ó kan iṣẹ́ ìwé gan-an, nítorí pé ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké, kódà kí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn Ọlọ́run ni ẹ̀rí èké náà wà. Ohun tí mo sì ti rí ni pé àtakò àwọn aláìgbàgbọ́ kì í ba ìgbèjà wa jẹ́ tó àwọn ẹ̀rí tí àwa fúnra wa ń gbé káàkiri láìyẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń fi ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà NASA, àjọ tó ń rí sí ìwádìí òfurufú ní Amẹ́ríkà, ti rí ọjọ́ kan tó sọnù nínú ìṣirò àkókò, èyí tó bá ọjọ́ tí oòrùn dúró fún Jóṣúà mu. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ̀ pé ọjọ́ kan sọnù nígbà tí kò ní àkọsílẹ̀ mìíràn tí yóò fi wé e. Wọ́n ní Charles Darwin, onímọ̀ tó kọ́ni pé àwọn ohun alààyè ń yí padà láti irú kan sí òmíràn, ronú pìwà dà lórí ibùsùn ikú rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1882 ni Darwin kú. Ìtàn yìí kò jáde títí di 1915, nínú ìwé ìròyìn àwọn onítẹ̀bọmi kan ní Amẹ́ríkà, láti ẹnu obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lady Hope, ọmọbìnrin Darwin tó wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ sì sọ gbangba ní 1922 pé obìnrin náà kò dé ibẹ̀ rárá. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì yìí kò sì tó ọjọ́ kan mọ́. Ọ̀dọ́ tí ẹ bá fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mú lọ́kàn le yóò ti wádìí rẹ̀ kó tó délé, láti ìgbà náà lọ ni yóò sì máa fi ojú ìfura wo ohun gbogbo tí ẹ bá sọ fún un, títí kan àjíǹde Jésù. Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ pa irú àwọn ìtàn bẹ́ẹ̀ rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀, kí ó sì bá àwọn àgbà tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìtẹríba. Kò rọrùn, bí ó bá jẹ́ pé ìyá ìjọ ló fi ránṣẹ́, ẹ óò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ ni ti ìpàdé Nicaea. Wọ́n á ní Constantine, ọba Róòmù, pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ, wọ́n dìbò yan ìwé tí yóò wọ inú Bíbélì, wọ́n sì dáná sun ìyókù. Ìpàdé náà wáyé lóòótọ́ ní 325, ní ìlú tí à ń pè ní İznik lónìí ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, Constantine ló sì pè é. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé wọn débẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Arius, àlùfáà Alẹkisáńdíríà tó ń kọ́ni pé ìgbà kan wà tí Ọmọ Ọlọ́run kò sí, àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí gbogbo ìjọ máa ṣe ọdún Àjíǹde. Òfin 20 ni wọ́n ṣe níbẹ̀, àwọn òfin náà sì wà títí dòní. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àlùfáà tó ń gba èlé lórí owó, nípa bíṣọ́ọ̀bù tó ń fi ìlú kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, nípa àwọn tó sẹ́ ìgbàgbọ́ nígbà inúnibíni. Èyí tó gbẹ̀yìn tilẹ̀ ní kí a máa dìde dúró gbàdúrà ní ọjọ́ Àìkú, kí a má kúnlẹ̀, òfin tí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ń rú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó to àwọn ìwé Bíbélì. Dípò kí n sọ èyí fún kíláàsì mi, mo máa ń fún wọn ní òfin náà kí wọ́n kà á fúnra wọn, nítorí ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má ṣe dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ti borí, nítorí pé ẹni tó béèrè ṣì ní ìbéèrè gidi lọ́wọ́: báwo wá ni a ṣe mọ ìwé tó yẹ? Ẹ ní láti gbà pé ó gba àkókò. Àwọn Ìhìn Rere mẹ́rin àti àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìjọ kí ọ̀rúndún kejì tó parí, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wà fún ìgbà pípẹ́ lórí Hébérù, Jákọ́bù, Pétérù kejì, Júúdà àti Ìfihàn. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó wà lọ́wọ́ wa, tó to ìwé 27 ti Májẹ̀mú Tuntun gẹ́lẹ́ bí a ṣe ní wọn, ni lẹ́tà ọdún Àjíǹde tí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kọ sí àwọn ìjọ rẹ̀ ní 367, ìyẹn ọdún 42 lẹ́yìn Nicaea. Bíbélì ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Etiópíà sì ní ìwé ju tiwa lọ títí dòní. Bí ẹ bá ti sọ gbogbo èyí kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́, kò sí ohun tí yóò fi já yín láyà mọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ìwé àfọwọ́kọ rí. Ní ilé ìkàwé John Rylands ní Manchester, àjákù páápírọ́ọ̀sì kan wà tí a rí ní Íjíbítì, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó gbé díẹ̀ nínú orí 18 Ìhìn Rere Jòhánù, níbi tí Jésù ti dúró níwájú Pílátù. P52 ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn agbèjà ìgbàgbọ́ fẹ́ràn láti sọ pé ní 125 ni a kọ ọ́, bí ẹni pé wọ́n kọ ọjọ́ sí i lára. Bí lẹ́tà inú rẹ̀ ṣe rí ni a fi fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe pàtó. Ẹ sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ọ̀rúndún kejì, kí ẹ sì fi í mọ bẹ́ẹ̀. Ohun ńlá náà ni.

Èyí tó le jù fún wa ní ilẹ̀ Yorùbá ni ìparí Ìhìn Rere Máàkù. Nínú Codex Sinaiticus, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, àti nínú Codex Vaticanus, ìwé àfọwọ́kọ ọ̀rúndún kẹrin méjèèjì, orí 16 ẹsẹ 8 ni Máàkù parí sí. Ẹsẹ 9 sí 20, níbi tí a ti kà pé àwọn tó gbàgbọ́ yóò máa lé ẹ̀mí èṣù jáde, tí wọn yóò sì máa gbé ejò lọ́wọ́, kò sí níbẹ̀. Ẹ wo iye ìsọjí tí a ti dá lé ẹsẹ wọ̀nyí! Mo wà níbi tí ọ̀dọ́ kan ti mú ọ̀rọ̀ yìí wá, tí olùkọ́ sì ní kí ó yé ka ìwé àwọn ọ̀tá Kristi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn onímọ̀ tí wọ́n jẹ́ Kristẹni wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí náà, ọ̀pọ̀ Bíbélì òde òní sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ohun tí mo máa ń fi han kíláàsì mi ni pé ìwé àfọwọ́kọ Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì lé ní 5,000, nítorí pé a lè fi wọ́n wé ara wọn ni a sì fi mọ ibi tí àfikún wà.

Fún ẹni tó ń béèrè bóyá Jésù tilẹ̀ gbé ayé rí, ìdáhùn kò gùn. Tacitus, òpìtàn Róòmù tí kò fẹ́ràn àwọn Kristẹni rárá, kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì pé Pọ́ńtíù Pílátù pa Kristi nígbà ìjọba Tìbéríù. Josephus, òpìtàn tó jẹ́ Júù, dárúkọ Jákọ́bù arákùnrin Jésù nínú ìwé kogún ìtàn rẹ̀. Ẹ lo ibẹ̀ yẹn, kí ẹ sì fi ìṣọ́ra lo ọ̀rọ̀ nípa Jésù tó wà nínú ìwé kejìdínlógún, nítorí pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọwọ́ Kristẹni kan ti fi kún un.

Inú ọgbẹ́ ni ìbéèrè nípa ẹ̀sìn òyìnbó ti ń wá, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Òótọ́ ni pé Áfíríkà ni a bí Augustine, olùkọ́ ńlá nínú ìjọ àtijọ́, sí ní 354, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlgéríà báyìí, àti pé Ezana, ọba Aksum ní Etiópíà, di Kristẹni ní ọ̀rúndún kan náà, nígbà tó jẹ́ pé ní 597 ni àwọn oníwàásù láti Róòmù tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Aksum ni ìhìn rere gbà dé Abẹ́òkúta. Ní 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú ní àwọn erékùṣù West Indies, wọ́n sì yọ èyí tó pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé kúrò, títí kan ìtàn bí Ọlọ́run ṣe kó Ísírẹ́lì kúrò ní oko ẹrú. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún kíláàsì mi kí wọ́n tó rí i níbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè pé, bí Bíbélì bá jẹ́ irinṣẹ́ ìkónilẹ́rú, kí ló dé tí wọ́n fi ní láti gé e kí wọ́n tó lè lò ó? Nǹkan bí ọdún kan náà ni àwọn òpìtàn fojú bù pé a bí Àjàyí Crowther ní Òṣogùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó sì padà di aṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, Ẹ́kísódù kò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀.

Crowther kan náà ni mo fi ń ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Ó bá àwọn ọba àti àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ní agbègbè odò Ọya sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ń ti ibi tí ẹ̀sìn méjèèjì ti fẹnu kò bẹ̀rẹ̀, irú bíi ìbí Jésù láti ọ̀dọ̀ wúńdíá, bí wọ́n bá sì bi í ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ ló máa ń kà fún wọn dípò kí ó ṣe àríyànjiyàn. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti lè máa ṣe ààwẹ̀ Ràmàdáánì kí àbúrò máa ṣe Lẹ́ńtì nínú agbo ilé kan náà, mi ò rò pé ọ̀nà mìíràn wà tó bójú mu.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní ọ̀rúndún kejì, Celsus, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, kọ ìwé líle kan lòdì sí àwọn Kristẹni. Ìwé náà ti sọnù, ṣùgbọ́n a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa nítorí pé Origen, olùkọ́ Kristẹni tó fèsì sí i ní nǹkan bí 248, ń fa ọ̀rọ̀ Celsus yọ léraléra kí ó tó dáhùn. Nínú kíláàsì wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fèsì sí àtakò kan títí yóò fi tún un sọ lọ́nà tí ẹni tó mú un wá yóò fi sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn." Ìgbà mìíràn wà tí gbogbo àkókò wa máa ń tán sórí èyí nìkan. Ìgbà mìíràn sì wà tí yóò hàn níbẹ̀ pé ẹni tó béèrè kò wá àlàyé ìwé rárá, pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́, a ó sì pa ìwé dé, a ó bá a jókòó.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, pípa tí wọ́n pa àwọn ará Kénáánì nínú ìwé Jóṣúà ni ìbéèrè tó wà níwájú wa. Mo ti ka àlàyé àwọn tó ní àsọdùn ogun bí àwọn ọba ayé àtijọ́ ti ń sọ ọ́ ló wà níbẹ̀, mo sì ti ka ti àwọn tó ní ìdájọ́ Ọlọ́run ni. Kò sí èyí tó tíì tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí wọ́n máa ka méjèèjì bọ̀.