Bí fáírọ́ọ̀sì herpes ṣe ń jí lójú oorun: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù

Ẹ̀yin àbúrò wa, fáírọ́ọ̀sì tó sùn kò kú. Fáírọ́ọ̀sì herpes méjì la máa sọ̀rọ̀ nípa wọn: KSHV (tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ Kaposi) àti EBV (Epstein-Barr). Nínú BCBL-1, irú sẹ́ẹ̀lì B tí a ń tọ́ ní láàbù, níbi tí KSHV fara pa mọ́ sí, DNA fáírọ́ọ̀sì náà ká bí òrùka. Púrótéènì LANA ló dè é mọ́ krómósómù kí ó má baà ṣófò nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín. EBNA1 ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún EBV. Ọ̀pọ̀ jíìnì tó kù ló dákẹ́, nítorí wọ́n ti wé gírígírí mọ́ àwọn púrótéènì tí a ń pè ní histone. Ti EBV tún ní methyl, àmì kẹ́míkà kékeré kan, lára DNA rẹ̀.

Ọwọ́ púrótéènì díẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tó ń jí fáírọ́ọ̀sì wà. Ti KSHV ni RTA, tí jíìnì ORF50 ń ṣe. Ti EBV ni Zta àti Rta. Iṣẹ́ Zta yani lẹ́nu: DNA tó ní methyl, èyí tó ń pa àwọn jíìnì mìíràn lẹ́nu mọ́, gan-an ló máa ń wá dì mú. Ìdí nìyí tí EBV tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́ẹ̀lì B kì í fi í bí ọmọ lójú ẹsẹ̀. DNA rẹ̀ kò tíì gba methyl.

Láti jí BCBL-1, kẹ́míkà TPA 20 ng/mL ni a sábà máa ń lò. Inú DMSO, omi ìpo-oògùn, la ti ń po TPA, nítorí náà ẹ da ìwọ̀n DMSO kan náà sínú abọ́ ìfiwéra, kí ó má sì ju 0.1% lọ. Sodium butyrate ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń ṣí acetyl kúrò lára histone lọ́wọ́, ohun tó wé gírígírí á sì dẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń pa sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń jí jíìnì sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi oògùn kan náà sí BJAB, sẹ́ẹ̀lì B tí kò ní fáírọ́ọ̀sì nínú, kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ ti oògùn. Ní ti Akata, sẹ́ẹ̀lì B tó ní EBV nínú, antibody tó ń dì mọ́ IgG ojú sẹ́ẹ̀lì ló ń jí i. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ó sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara.

Sẹ́ẹ̀lì iSLK.219 ní rKSHV.219, KSHV tí a fi àwọ̀ sí, nínú, ó sì ní jíìnì RTA tí doxycycline, oògùn kan ní ìdílé tetracycline, ń tan; ó ń fẹ́ doxycycline 1 µg/mL pẹ̀lú butyrate 1 mM. Tí serum tí ẹ ń lò bá ní tetracycline díẹ̀ nínú, RTA á ti máa jáde kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Serum tí wọ́n yẹ̀ wò pé kò ní tetracycline ni kí ẹ rà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń jí. Apá kan á dìde, ìyókù á sùn lọ. Bí ẹ bá lọ gbogbo wọn pọ̀, tí mRNA fáírọ́ọ̀sì (ẹ̀dà jíìnì tí a fi ń ṣe púrótéènì) sì fi ìlọ́po márùn-ún pọ̀ sí i, ẹ ò lè mọ̀ bóyá gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló jí díẹ̀ tàbí díẹ̀ nínú wọn ló jí pátápátá. Ẹ ka sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú iSLK.219, àwọ̀ pupa ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì ti jí, àwọ̀ ewé ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.

Ẹ má sì fọkàn tán GAPDH, jíìnì sẹ́ẹ̀lì tí a sábà fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Púrótéènì SOX ti KSHV, àti BGLF5 ti EBV, ń gé mRNA sẹ́ẹ̀lì sí wẹ́wẹ́, GAPDH kò sì yọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi í ṣe òṣùwọ̀n, jíìnì fáírọ́ọ̀sì á dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. 18S rRNA, RNA inú ríbósómù sẹ́ẹ̀lì, sàn jù ú lọ. SOX lè mú kí àwọ̀ ewé náà ṣá pẹ̀lú, kò túmọ̀ sí pé fáírọ́ọ̀sì ti sá lọ.

Kí ẹ rí RTA tàbí Zta kò tó láti sọ pé fáírọ́ọ̀sì jí dé òpin. Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì Raji, tó ní EBV nínú: bí a bá jí i, ó ń ṣe Zta, ó ń ṣe àwọn púrótéènì ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò bí fáírọ́ọ̀sì kankan, torí jíìnì BALF2 tí EBV nílò láti fi da DNA rẹ̀ kọ ti já kúrò. Ẹ wá àwọn púrótéènì ìparí, K8.1 fún KSHV, gp350 fún EBV. Lẹ́yìn náà, ẹ da phosphonoacetic acid, tó ń dá dídà DNA fáírọ́ọ̀sì kọ dúró, sínú abọ́ kan. Bí K8.1 kò bá lọ sílẹ̀ níbẹ̀, nǹkan kan ti wọ́ nínú àyẹ̀wò yín.

Ní wákàtí 72 sí 96, ẹ kó omi orí sẹ́ẹ̀lì, ẹ sẹ́ ẹ gba inú àsẹ́ 0.45 µm. Sẹ́ẹ̀lì tó kú ti tú DNA sínú omi yẹn, nítorí náà ẹ fi DNase jẹ DNA ìhòòhò kí ẹ tó tú èèpo fáírọ́ọ̀sì. Ẹ rí i dájú pé ẹ pa DNase yẹn, pẹ̀lú EDTA àti ooru, kí ó má baà jẹ èyí tí ẹ fẹ́ kà. qPCR, àyẹ̀wò tó ń ka iye DNA, nìkan kò sì sọ bóyá fáírọ́ọ̀sì náà lè ran ẹlòmíràn. Ẹ fi àwọn rKSHV.219 tí ẹ kó ran sẹ́ẹ̀lì 293, kí ẹ ka àwọn tó tan àwọ̀ ewé lẹ́yìn wákàtí 48. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó ń yí abọ́ lọ́nà eré (centrifuge) kó fáírọ́ọ̀sì sí ìsàlẹ̀, kí ẹ da omi àtijọ́ nù, torí butyrate tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè yí iye tí ẹ máa kà padà.